Fíìmù Amùjẹ̀ Tí Táńtì Ń Túmọ̀ Fún Wa

Títí di òní, bí wọ́n bá ní kí n sọ ìtàn fíìmù tí mo wò jù nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mi ò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ojú gbogbo ènìyàn inú rẹ̀. Mo mọ ìgbà tí òjò yóò rọ̀, mo mọ ìgbà tí ilẹ̀kùn yóò dún. Ohun tí wọ́n ń sọ síra wọn gan-an ni kò yé mi, kì í sì í ṣe pé mi ò béèrè.

Fíìmù òyìnbó ni, èdè Faransé ni wọ́n sì ń sọ nínú rẹ̀. Táńtì ló mú un wá láti Àbíjàn. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni Táńtì. Bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí lọ́hùn-ún nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí á máa pe òun bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìsúndúnrìn, lẹ́bàá Ẹ̀jìgbò ìlú wa, ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Àbíjàn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni àbúrò bàbá mi ti rí i fẹ́. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, ọkọ rẹ̀ ní kí ó máa kó àwọn ọmọ bọ̀ nílé, kí wọ́n lè gbọ́ Yorùbá dáadáa, pé òun náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Táńtì kó ẹrù dé Ẹ̀jìgbò: tẹlifíṣọ̀n ńlá, ẹ̀rọ fídíò, àti àpótí kan tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì. Ọkọ kò tètè dé.

Inú agbo ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé. Bàbá mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àbúrò rẹ̀ ń lọ mọ́ṣáláṣí, ìyá tó bí àwọn méjèèjì sì ń jẹ ìrẹsì Kérésì, ó ń jẹ ẹran Iléyá, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyá àgbà ni gbogbo wa ń pe ìyá yìí.

Fíìmù ń pa mí bí ọtí nígbà náà. Mo ti wo ti àwọn ará Íńdíà tí wọ́n máa ń jó yí igi po, mo ti wo ti àwọn ará Ṣáínà tí ìjà wọn kì í tán, mo sì ti wo ti àwọn òṣèré tíátà tiwa tí wọ́n máa ń gbé wá sí gbọ̀ngàn ìlú. Mo ní ohun tí mo lè sọ lórí gbogbo wọn. Ní ilé ẹ̀kọ́, èmi ni àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń bi pé ṣé eléyìí dára, mo sì máa ń dáhùn bí adájọ́. Fíìmù Táńtì ló kọ́kọ́ pa mí lẹ́nu mọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni a máa ń wò ó, bí wọ́n bá mú iná wá. A ó ti fọ aṣọ tán, a ó ti sá a, a ó wá kó ara wa jọ sí yàrá ìgbàlejò Táńtì, àwa ọmọdé ní ilẹ̀, Ìyá àgbà lórí àga. Táńtì kì í jókòó sí àga. Ó máa ń gbé àpótí ìjókòó kékeré sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, yóò kọjú sí wa, yóò sì máa túmọ̀. Kì í wo fíìmù náà rárá, etí ló fi ń gbọ́ ọ. Bí ọmọbìnrin inú fíìmù bá sọ̀rọ̀, yóò sọ̀rọ̀ bí ọmọbìnrin. Bí ó bá kan ọmọkùnrin, yóò mú ohùn rẹ̀ ki. Yorùbá rẹ̀ kò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu nígbà náà, nítorí náà ó máa ń dúró wá ọ̀rọ̀, fíìmù á sì ti sáré kọjá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á ti máa sunkún nínú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí Táńtì ṣì ń túmọ̀ bí wọ́n ṣe kí ẹni tó wọlé.

Ìtàn náà, bí ó ti yé mi, ni pé ọmọbìnrin kan tí kò ju ọjọ́ orí mi lọ bá ìyá rẹ̀ kó lọ sí ìlú olótùútù kan tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn. Ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tuntun, ọmọkùnrin kan máa ń dá jókòó lẹ́yìn kíláàsì, ó funfun bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, kì í jẹun, kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn. Ní ọjọ́ kan, ọ̀bẹ gé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, ọmọkùnrin rí ẹ̀jẹ̀, ó sì fi eré sí i bí ẹni tí wọ́n dáná sí lára. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú pé ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀.

“Fáńpíìrì ni,” Táńtì sọ fún wa.

“Kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?” Ìyá àgbà béèrè.

“Ẹni tó ti kú ni, Ìyá, ṣùgbọ́n tí kò kú.”

Ìyá àgbà fi ọwọ́ kan àgbọ̀n. “Ṣé ó kú ní ìlú kan, ó wá lọ ń gbé ìlú mìíràn tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Ó sì ń wá ìyàwó níbẹ̀?”

“Ó ń wá a, Ìyá.”

“Àkúdàáyà ni. Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀.” Ó rọra fẹ̀yìn ti àga. Lẹ́yìn náà ó tún dìde jókòó. “Ti ẹ̀jẹ̀ yẹn ni kò yé mi. Àkúdàáyà tiwa ń jẹ iyán.”

Èmi náà, kò yé mi. Ìtàn àkúdàáyà tí Ìyá àgbà máa ń sọ fún wa, bí àṣírí bá ti tú, àkúdàáyà á pòórá, ìyàwó á sì máa sunkún. Eléyìí kò pòórá. Àṣírí tú, ó padà wá, ó dúró nínú òjò lábẹ́ fèrèsé ọmọbìnrin náà, ọmọbìnrin sì ṣí fèrèsé fún un! Mo bínú débi pé mo pariwo pé, “Kí ló ń ṣe ọmọ yìí?” Ṣùgbọ́n nígbà tí kámẹ́rà sún mọ́ ojú ọmọkùnrin náà, tí omi ń ṣàn lára irun rẹ̀, ọwọ́ mi ti wà láyà mi kí n tó mọ̀. Mo ń fẹ́ kí ó lọ. Mo ń fẹ́ kí ó má lọ. Kò sí fíìmù tó ti ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí, inú mi ò sì dùn sí i.

Bàbá ìyá ọmọbìnrin náà wà nínú fíìmù, arúgbó kan tó mú àgbélébùú jáde láti fi lé ọmọkùnrin yẹn. Bí ọmọkùnrin ti rí àgbélébùú, ó bo ojú, ó ṣubú sẹ́yìn. Bàbá mi ń kọjá lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yọjú wò ó, ó ní, “Ẹ ò rí i? Àgbélébùú ni.”

Obìnrin aránṣọ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa, Mùsùlùmí ni, ó máa ń bá wa wò. Ó dáhùn pé, “Bọ̀dá, tí ó bá wá wọ ilé àwa ńkọ́? A ò ní àgbélébùú. Ṣé tẹ̀súbáà á mú un?”

Bàbá mi ronú sí i. Mo rí i pé ó ronú sí i lóòótọ́. Ó ní, “Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó wa, òun ló gbọ́ èdè wọn.”

Táńtì ní òun ò rí Mùsùlùmí kankan nínú fíìmù náà. Ó ní ohun tí òun gbọ́ ni pé wọ́n kórìíra aáyù, oòrùn ń jó wọn, wọn ò sì lè wọ ilé onílé àyàfi bí onílé bá ní kí wọ́n wọlé. Aránṣọ náà pàtẹ́wọ́. “Ó ti wọlé nìyẹn! Ta ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ní Ẹ̀jìgbò tí wọn ò ní sọ pé ẹ wọlé, ẹ wá jẹun?”

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí èmi fúnra mi rí tí mo fi ń bá fíìmù náà jà. Ọmọkùnrin náà kì í hàn nínú dígí, ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ ń hàn lára ògiri. Èwo la fẹ́ gbà? Àtíkè tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lójú kò dé ọrùn. Ẹ̀jẹ̀ wọn pọ́n jù, ó dà bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò pupa. Ìyá ọmọbìnrin náà kì í sí nílé, kò sì sí ẹni tó béèrè ibi tó lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ajé, mo ní fíìmù burúkú ni. Nígbà tó di Sátidé, èmi ni mo kọ́kọ́ dé yàrá Táńtì, èmi ni mo sì ní kí ó tún fi í sí i.

Ìparí rẹ̀ ló dà mí lórí rú jù. Àwọn méjèèjì dúró létí odò, òjò ń rọ̀. Ọmọbìnrin kọ ẹ̀yìn sí wa, ọmọkùnrin fi ojú pamọ́ sínú irun rẹ̀, lẹ́bàá ọrùn. Ẹnìkan sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Eyín yọ. Orin sì dé. Nítorí pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, tí a ò sì rí ẹnu ẹnikẹ́ni nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde, a ò mọ ẹni tó sọ̀rọ̀.

“Ọmọkùnrin ló ní kí ó máa lọ sílé, pé òun á padà wá,” Táńtì wí.

“Eyín tí a rí ńkọ́?” mo béèrè.

“Ó ń fi ẹnu kò ó lọ́rùn pé ó dàbọ̀ ni.”

Mo gbà. Àmọ́ ní Sátidé mìíràn, ibi kan náà, òjò kan náà, Táńtì ní ọmọkùnrin sọ pé kí ó má dúró de òun mọ́, kí ó wá ẹlòmíràn fẹ́. Ní ọjọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó ní, “Ó ní kí ó fara balẹ̀, pé ọ̀nà ló jìn.” Mo wo ojú àwọn yòókù, kò sí ẹni tó fura. Ìyá àgbà ti máa ń sùn nígbà yẹn. Mo rò pé bóyá èdè Faransé ni ó rí bẹ́ẹ̀, pé bóyá ọ̀rọ̀ kan máa ń yí ìtumọ̀ padà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ bá ti rí.

Ọkùnrin kan tí òun àti àbúrò bàbá mi jọ ń ṣòwò ní Àbíjàn wá sílé ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Ó mú aṣọ wá fún àwọn ọmọ Táńtì, ó sì bá wa nídìí fíìmù. Wọ́n fún un ní omi mu, wọ́n fún un ní àga. Táńtì fẹ́ pa tẹlifíṣọ̀n, a bẹ̀ ẹ́ pé ó kù díẹ̀ kó parí. Nígbà tí a dé etí odò, ó túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe: ọmọkùnrin ní kí ó máa lọ sílé, òun á padà wá.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó wa, ẹ má tan àwọn ọmọ jẹ o. Ọmọbìnrin ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Ó ní, ‘Sọ mí di irú rẹ. Mi ò padà sílé mọ́.’”

Táńtì fọ Faransé sí i, kíákíá, ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tí mi ò gbọ́ ju “nọ́n”, ìyẹn rárá, lọ nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ẹ má bínú, ìyàwó wa. Fíìmù ṣáá ni.” Táńtì pa tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí á lọ wò ó bóyá aṣọ wa ti gbẹ.

Mi ò lè gbé e kúrò lọ́kàn. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo lọ bá a lẹ́yìnkùlé. Ó ń ṣe àtíẹ́kẹ́, oúnjẹ Àbíjàn tó máa ń tà, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n wá fi ooru omi sè. Mo kí i, mo bá a di asẹ́ mú.

“Táńtì, ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ̀rọ̀ ní ìparí fíìmù yẹn?”

“Opẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán?” Wọ́n ti bí mi kí ó tó wọlé ọkọ, nítorí náà kì í pe orúkọ mi, bí mo ṣe tín-ínrín ló fi sọ mí ní bẹ́ẹ̀.

“Kò yé mi ni, ẹ má bínú.”

“Ọmọbìnrin náà ni.”

“Kí ló dé tí ẹ fi ń sọ pé ọmọkùnrin ni? Ẹ tún ń yí i padà.”

Ó jọ ẹ̀gẹ́ náà díẹ̀ kó tó dáhùn. “Nígbà tí mo jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ, bàbá mi ti rí ẹni tó fẹ́ kí n fẹ́, ọlọ́jà ńlá. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo ní ibi tí ọmọ Ẹ̀jìgbò yẹn bá ń lọ ni mò ń lọ, mi ò padà sílé yìí mọ́. Bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí mo fi bí àkọ́bí. Bí mo bá ti dé ibi tí ọmọ yẹn ti ń sọ̀rọ̀, ohùn ara mi ni mò ń gbọ́. Ṣé kí n wá la ẹnu sọ ọ́ níwájú ìyá ọkọ mi, níwájú ẹ̀yin ọmọbìnrin? Èyí tó bá wá sí mi lẹ́nu ni mo máa ń fi bò ó.”

“Ṣé ẹ kábàámọ̀ ni?”

Ó wò mí bí ẹni pé èdè tí òun ò gbọ́ rí ni mo sọ. “Kábàámọ̀ kẹ̀? Ṣé o ò rí mi ni?”

Mo wò ó. Ẹ̀gẹ́ ti kun ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ọmọ kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wà ní Àbíjàn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ èwo nínú wọn ni ìdáhùn. Mo ní, “Ẹ ṣeun, Táńtì,” mo sì ń bá a jọ ẹ̀gẹ́ lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń retí àbúrò bàbá mi. Ó ti pẹ́ tó ti wá sílé gbẹ̀yìn, mo kéré gan-an nígbà náà, mi ò rántí ojú rẹ̀ mọ́. Nínú ọkàn mi mo ti fi ojú ọmọkùnrin inú fíìmù fún un: gíga, tín-ínrín, ẹni tí obìnrin lè tìtorí rẹ̀ kọ bàbá rẹ̀. Nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, mọ́tò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin kúkúrú kan sọ̀ kalẹ̀, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, ó ń sín nítorí eruku, ó ń bẹ́ kiri kí gbogbo ènìyàn pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fún mi ní bisikíìtì. Ènìyàn dáadáa ni, kò sí ohun tí mo lè sọ sí i. Ṣùgbọ́n mo wò ó títí, mo ń wá ohun tí Táńtì rí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, gbogbo wa tún jókòó ti fíìmù náà, ọkọ Táńtì lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí. Kí ọ̀bẹ tó gé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ ló ti ń hanrun. A dé etí odò. Táńtì wo ọkọ rẹ̀, ó wo Ìyá àgbà, tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ là ní ọjọ́ yẹn. Ó wá sọ ọ́ ketekete: “Ọmọbìnrin ní, ‘Sọ mí di irú rẹ. Mi ò padà sílé mọ́.’”

Ìyá àgbà ní, “Ó ti ya wèrè.” Ọkọ Táńtì hanrun bí ẹni fèsì, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Táńtì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ń fi ìborùn nù ún, kò sì tètè dá.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá, ó bá ọkọ rẹ̀ padà sí Àbíjàn. Ó pọn ọmọ kékeré lọ, ó fa ẹ̀gbọ́n lé Ìyá àgbà lọ́wọ́ kó lè máa lọ ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ náà sunkún, èmi náà sunkún. Ní ọjọ́ tó ń lọ, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó ń kọrin bí ó ṣe ń di ẹrù. Ohùn tó ń fi túmọ̀ ọmọbìnrin inú fíìmù ló fi kí mi pé ó dìgbà. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀: ṣé ó ń padà sílé ni àbí ó ń kúrò nílé?

Nígbà tí mo dé yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, mo bá fíìmù náà ní yàrá ọ̀rẹ́ mi kan, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ti ibẹ̀. Mo ní lónìí ni ó máa yé mi. Ohùn wọn kò jọ ti Táńtì, ó ń dà mí láàmú pé ohùn ọmọkùnrin náà kò ki. Mo gbọ́ pé ìyá ọmọbìnrin náà, nọ́ọ̀sì ni. Ibi tó máa ń lọ nìyẹn. A dé etí odò, mo sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọmọkùnrin ló sọ̀rọ̀! Ó ní, ‘Ṣé ó dá ọ lójú?’ Ọmọbìnrin dáhùn, òjò sì bo ìdáhùn náà mọ́lẹ̀. A dá a padà, a tún dá a padà, òjò nìkan ni. Táńtì sọ tirẹ̀, ọkùnrin Àbíjàn sọ tirẹ̀, àwọn tó ni fíìmù kò sọ nǹkankan. Ọ̀rẹ́ mi bi mí bóyá fíìmù náà dára. Mo ní òjìji ọmọkùnrin ń hàn lára ògiri, kò sì yẹ kó hàn. Ohun tó dá mi lójú kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Táńtì wá sí ìsìnkú Ìyá àgbà. Ó ti sanra díẹ̀, Yorùbá rẹ̀ ti já gaara. Nígbà tí èrò dín kù, mo gbé àga sún mọ́ ọn, mo bi í léèrè fíìmù wa.

“Fíìmù wo? Ṣé èyí tí ẹṣin pọ̀ nínú rẹ̀?”

“Rárá, Táńtì. Èyí tí ọmọkùnrin ń mu ẹ̀jẹ̀.”

“Ẹ̀jẹ̀! Èmi ni mo jẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀?” Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ tó ń jẹ ẹran lápá kejì àgbàlá, ó fi Faransé bi í. Ọkọ gbé èjìká, ó sọ nǹkan kan padà, ohun tó sọ sì mú kí Táńtì pariwo ẹ̀rín, ó lù mí lẹ́yìn. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tí a ń rẹ́rìn-ín sí.